Acha Tó Ń Já Kó Tó Dé Àká
Tí wọ́n bá ní ká mú kí acha so dáadáa sí i ní ilẹ̀ olókè Jos, ọ̀pọ̀ wa á kọ́kọ́ ronú hóró ńlá. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Gíráàmù 1 péré lè ní hóró bíi 2,000, kí ni ì bá tún wá sí mi lọ́kàn? Ohun tí mi ò bi ara mi ni iye tó ń dé àká. Bí acha bá ti ń gbẹ, hóró rẹ̀ a máa já sílẹ̀. Òmíràn a ti wó lulẹ̀ kí dòjé tó kàn án.

Ní 2020, àwọn onímọ̀ tó ka gbogbo jíìnì acha tẹ ìwádìí wọn jáde. Ẹ̀dà méjì ni acha ní nínú jíìnì kan tó ń mú hóró já, torí pé ìlà kírómósómù méjì ló pàpọ̀ nínú rẹ̀. Lára àwọn irúgbìn kan, ẹ̀dà kan ti sọnù, hóró wọn kì í sì í já tó tàwọn yòókù. Ẹ̀dà kejì ṣì wà níbẹ̀. Lójú tèmi, òun ló yẹ ká dojú kọ. Iṣẹ́ náà ò ní yá o: òdòdó acha kéré gan-an, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń gba ara rẹ̀ lóyún, ká tó rí èyí tá a máa fọwọ́ pa pọ̀.