Asbestos: Eruku Tó Lè Dúró Nínú Ara Fún 30 Ọdún

Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn ìjì kan tó jà ní Ìbà, àǹtí mi ní kí n wá bá òun mójú tó àwọn tó fẹ́ pààrọ̀ òrùlé ilé òun. Ilé àtijọ́ ni. Páànù símẹ́ńtì aláwọ̀ eérú, èyí tó nípọn tó sì wúwo yẹn, ló wà lórí rẹ̀. Òun ni gbogbo wa ń pè ní asbestos. Òòlù làwọn ọmọkùnrin náà fi ń fọ́ ọ, wọ́n sì ń jù ú sílẹ̀ gbàà, gbàà. Eruku bo gbogbo àgbàlá. Èmi ni mo gbá a, mi ò sì fi nǹkan kan bomú.

Mo ń gbá a lọ́wọ́ ni bàbá kan lágbàlá kejì pariwo: "Ìwọ ọmọ yìí, ju ìgbálẹ̀ yẹn sílẹ̀! Omi ni kó o kọ́kọ́ wọ́n sí i!" Bàbá Bàlúù ni wọ́n ń pè é ládùúgbò. Iṣẹ́ títún bàlúù ológun ṣe ló ṣe nígbà èwe rẹ̀. Ibi tó ti ṣe é, kò sọ fún mi, èmi náà ò sì béèrè. Ó kàn sọ pé nígbà tàwọn, tí wọ́n bá tú bíréèkì bàlúù, afẹ́fẹ́ kọ̀mpùrẹ́sọ̀ ni wọ́n fi ń fẹ́ eruku rẹ̀ dànù, wọ́n á wá máa fi àwọ̀ funfun tó bò wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn. Ní báyìí, tó bá gun àtẹ̀gùn mẹ́fà, ó gbọ́dọ̀ dúró mí.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Mo lọ kàwé nípa rẹ̀, ohun tí mo rí nìyí.

Asbestos kì í ṣe orúkọ páànù. Òkúta ni, ohun alumọ́ọ́nì tí wọ́n ń wà nílẹ̀. Oríṣi mẹ́fà ló wà, èyí tí wọ́n lò jù ni chrysotile, tó funfun. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àtàwọn òkúta yòókù ni pé tẹ́ ẹ bá fọ́ ọ, kì í di yanrìn. Ńṣe ló ń ya bí òwú, fọ́nrán lára fọ́nrán, títí tí ojú ò fi ní rí i mọ́. Iná kì í jó o, ó lágbára, ó sì pọ̀ yanturu. Ta ni kò ní rà á? Àwọn oní-símẹ́ńtì pò ó mọ́ símẹ́ńtì, ó di òrùlé àti síìlíǹgì.

Tàwọn bàlúù wá ńkọ́? Ẹ fojú inú wo bàlúù ńlá tó bà sílẹ̀ pẹ̀lú eré burúkú. Bíréèkì ló máa gba gbogbo agbára eré yẹn, tó máa sọ ọ́ di ooru. Nǹkan tí kò lè jóná ló yẹ kó wà níbẹ̀. Nínú bàlúù tí wọ́n ṣe ṣáájú àwọn ọdún 1980, asbestos wà nínú páàdì bíréèkì, nínú gásíkẹ́ẹ̀tì ẹ́ńjìnnì, àti nínú ohun tí wọ́n fi ń wé páìpù gbígbóná. Ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fi ń di irin gbígbóná mú gan-an, asbestos ni. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba gbà pé iṣẹ́ ológun lè kó àìsàn yìí ran èèyàn, wọ́n sì máa ń san owó fún àwọn tó ti fẹ̀yìn tì tí wọ́n bá fi ẹ̀rí hàn.

Ẹ jẹ́ ká wọnú àyà báyìí. Tí eruku lásán bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ wọn ni láti gbé e mì kí wọ́n sì kó o jáde. Ṣùgbọ́n fọ́nrán asbestos lè gùn ju sẹ́ẹ̀lì náà fúnra rẹ̀ lọ. Bí adìyẹ tó fẹ́ gbé igi ìgbálẹ̀ mì ló rí: kò lè gbé e mì, kò sì lè pọ̀ ọ́. Sẹ́ẹ̀lì náà á máa tú kẹ́míkà jáde láti fi bá a jà, kẹ́míkà yẹn á sì máa ba ara tó wà nítòsí jẹ́. Fọ́nrán ọ̀hún ò ní lọ. Ìjà yẹn lè máa lọ fún ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún, ogójì pàápàá. Tí àpá bá ti bo ẹ̀dọ̀fóró, ó máa le, kò ní lè fẹ̀ dáadáa mọ́, asbestosis nìyẹn. Ó tún lè di jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, tàbí mesothelioma, ìyẹn jẹjẹrẹ awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró tàbí ìfun. Ẹni tó bá ń mu sìgá, tó tún fa asbestos símú, ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tiẹ̀ máa ń di ìlọ́po.

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Nellie Kershaw, òṣìṣẹ́bìnrin kan ní Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kú lọ́dún 1924, àwọn dókítà sì rí asbestos nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Turner Brothers ló bá ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn, iléeṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ Turner kan náà ń ṣe páànù asbestos ní Emene, ní Enugu. Ní 1960, Wagner àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa èèyàn 33 tó ní mesothelioma ní South Africa, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń wa asbestos aláwọ̀ búlúù. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní 1965, Newhouse àti Thompson rí irú rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, lára àwọn tí kò wọ iléeṣẹ́ rí, àmọ́ tí wọ́n ń fọ aṣọ ọkọ wọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Mo dúró lórí gbólóhùn yẹn fúngbà díẹ̀. Màmá mi ló fọ aṣọ tí mo wọ̀ lọ sí Ìbà.

Ẹ fara balẹ̀ o. Fífa eruku yìí símú lọ́jọ́ kan kò dà bíi pé kí èèyàn ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ fún ogún ọdún. Bó ṣe pọ̀ tó àti bó ṣe pẹ́ tó ni ewu rẹ̀ ń tẹ̀ lé. Ìdí nìyẹn tí ọkàn mi fi wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe é lójoojúmọ́. Ẹ dúró sí ojú ọ̀nà Badagry, láti Okokomaiko dé Ọjọ́, ẹ wo àwọn mẹkáníìkì wa. Wọ́n á tú táyà, wọ́n á fi kọ̀mpùrẹ́sọ̀ fẹ́ bíréèkì, ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì ju ọdún mẹ́rìnlá lọ á sì dúró síwájú rẹ̀. Èèyàn ò lè fojú lásán mọ páàdì tó ní asbestos nínú. Ohun kan náà tí Bàbá Bàlúù ṣe ni, ọkọ̀ ló kàn yàtọ̀.

Kí la lè ṣe? Òrùlé tí kò tíì sán, tẹ́nikẹ́ni ò fọwọ́ kàn, ẹ fi í sílẹ̀. Fọ́nrán inú rẹ̀ ò lè fò bí símẹ́ńtì bá ṣì dì í mú. Tó bá di dandan kí ẹ yọ ọ́, ẹ rin ín dáadáa, ẹ tú ìṣó rẹ̀, ẹ sọ páànù náà kalẹ̀ ní odindi. Ẹ má fi ayùn oníná gé e. Kí ẹ fi ọ̀rá nípọnnípọn wé e, kí ẹ má fọ́ ọ dí kòtò ojú ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń ṣe ládùúgbò wa. Bíréèkì, aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún. Ìbòmú aláṣọ ìgbà kòrónà ò lè dá fọ́nrán yìí dúró. FFP3 tàbí P100 ló lè ṣe é. Kí aṣọ iṣẹ́ má bá ti ilé pàdé nínú omi kan náà.

Tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, tó sì ń mí gúlegúle, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ fún dókítà kódà bí wọn ò bá béèrè. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n lè pè é ní ásímà tàbí ikọ́ ẹ̀gbẹ. Kò sóògùn tó lè yọ àpá náà kúrò, àmọ́ dídáwọ́ sìgá dúró àti àyẹ̀wò déédéé ń ranni lọ́wọ́.

Mo ka gbogbo èyí fún Bàbá Bàlúù lọ́jọ́ Sunday tó kọjá. Ó gbọ́ ọ títí, ó ní òun ò sọ fún dókítà kankan rí pé òun tún bàlúù ṣe, torí kò sẹ́ni tó béèrè. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló máa mú un lọ ya fọ́tò àyà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní kí n kọ "asbestos" sórí bébà fóun, kóun má bàa gbàgbé bí wọ́n ṣe ń pè é.