ÒKÚTA NÍNÚ ÌWÉ MÍMỌ́

Ibi kíkà: Gẹ́nẹ́sísì 28:10–22, Jóṣúà 4:1–9, Esekíẹ́lì 36:25–27, 1 Pétérù 2:4–8.

Ìbéèrè ọmọdé kan ni ó bí ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí. Ní kíláàsì ọjọ́ ìsinmi kan níhìn-ín ní Àjàṣẹ́-Ìpo, olùkọ́ ń sọ ìtàn Jákọ́bù, bí ó ti fi òkúta ṣe ìrọ̀rí lóru, àti bí ó ti dìde ní kùtùkùtù tí ó gbé òkúta náà ró, tí ó sì da òróró sí i lórí. Ọmọ kan nàró, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, tíṣà, ǹjẹ́ Jákọ́bù náà ń bọ òkúta bí?” Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, olùkọ́ sì ní kí ó jókòó.

Nígbà tí a gbọ́ ọ, àwa kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ìgbómìnà ni ọmọ náà. Ó ti rí òkúta tí a ta epo sí lórí rí, ó sì mọ orúkọ ohun tí a ń ṣe nídìí rẹ̀. Bí àwa tí a ń kọ́ ọ kò bá dá a lóhùn, ọ̀kan nínú ohun méjì ni yóò gbà gbọ́: yálà pé ọ̀kan náà ni Bẹ́tẹ́lì àti ojúbọ, tàbí pé ẹ̀rù ìbéèrè ń bà wá. Kò sí èyí tí ó dára nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ó wà nítòsí wa. Ẹ̀sìẹ́ kò jìnnà sí wa, nínú ilẹ̀ Ìgbómìnà kan náà. Níbẹ̀ ni àwọn ère òkúta wà, tí iye wọn ju 1,000 lọ, tọkùnrin tobìnrin; ọ̀pọ̀ wọn jókòó lórí àpótí, òmíràn mú ohun ìjà lọ́wọ́, òmíràn mú ohun èlò orin. Òkúta rírọ̀ tí ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ ni a fi gbẹ́ wọn. Ní ọdún 1933, Ọ̀gbẹ́ni H. G. Ramshaw, alábòójútó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ C.M.S., rí wọn, ó sì ròyìn wọn fún àwọn ará òde. Ní ọdún 1945 ni a ṣí ilé tí a ń kó wọn pamọ́ sí, èyí tí í ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ kíyèsí i pé òṣìṣẹ́ Ìjọ ni ọkùnrin yìí, síbẹ̀ kò gbé òòlù tì wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a bá ní fífọ́, tí orí wọn ti kán. Kò sí ẹni tí ó ti ipa fífọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn àgbà di Kristẹni, nítorí ọgbọ́n tí Ọlọ́run fi fún ènìyàn ni ó hàn nínú wọn. Ṣùgbọ́n a kì í foríbalẹ̀ fún wọn pẹ̀lú. Léfítíkù 26:1 kọ̀ ọ́ fún wa.

Ìtàn tí a ń pa nípa wọn ni pé ènìyàn ni wọ́n rí, àlejò tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá, tí wọ́n sì di òkúta. Ẹ fi ìtàn yìí sọ́kàn. A óò padà sí i.

ÈKÍNNÍ: ÒKÚTA ÌRÁNTÍ. Jákọ́bù kò tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ òkúta. Kò bẹ̀ ẹ́ fún ọmọ, kò sì bi í léèrè ọ̀nà. Ọlọ́run tí ó bá a sọ̀rọ̀ lójú àlá ni ó jẹ́jẹ̀ẹ́ fún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fi òkúta sílẹ̀, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ sí Háránì. Òkúta dúró ní Bẹ́tẹ́lì. Ọlọ́run bá Jákọ́bù lọ. Ìyàtọ̀ tí ọmọ wa ń wá nìyẹn. Ẹni tí ń bọ òkúta gbọ́dọ̀ padà sídìí rẹ̀ kí ó tó rí ìrànlọ́wọ́. Ẹni tí ó fi òkúta ṣe ìrántí lè lọ títí dé òpin ilẹ̀ ayé, Ọlọ́run rẹ̀ kò ní jìnnà sí i.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni òkúta 12 tí a gbé láti inú Jọ́dánì lọ sí Gílígálì, ọ̀kan fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Jóṣúà mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwọn ọmọ yóò béèrè ìdí rẹ̀. Kò ní kí a pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ìdáhùn ni ó pèsè sílẹ̀ dè wọ́n. Ẹ̀yin olùkọ́, nítorí ìbéèrè ọmọ gan-an ni a ṣe to òkúta wọ̀nyẹn jọ.

Ẹ wo Ebenésérì pẹ̀lú. Ní ibi tí à ń pè ní orúkọ yìí ni Ísírẹ́lì dó sí nígbà tí Fílístínì ṣẹ́gun wọn, tí wọ́n sì gba Àpótí ẹ̀rí lọ (1 Sámúẹ́lì 4). Orúkọ kan náà ni Sámúẹ́lì fún òkúta ìṣẹ́gun ní orí 7. Ọlọ́run lè sọ orúkọ ìtìjú di orúkọ ọpẹ́.

Síbẹ̀, kí á ṣọ́ra. Bẹ́tẹ́lì kan náà ni Jéróbóámù gbé ọmọ màlúù wúrà kalẹ̀ sí (1 Àwọn Ọba 12:28–29). Ohun ìrántí lè di òrìṣà bí a bá gbàgbé Ẹni tí à ń rántí. A ti gbọ́ nípa ìjọ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pín sí méjì nítorí orúkọ ẹni tí a óò kọ sára òkúta ìpìlẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ó kù tí irú òkúta bẹ́ẹ̀ fi yàtọ̀ sí ti ojúbọ?

ÈKEJÌ: ÀYÀ ÒKÚTA. A padà sí ìtàn Ẹ̀sìẹ́. Ẹ̀yin kan yóò ní àlọ́ lásán ni, pé ènìyàn kì í di òkúta. Ṣùgbọ́n wòlíì Esekíẹ́lì sọ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀ nínú, tí ẹsẹ̀ ṣì ń rìn tí ẹnu sì ń jẹun. Ẹni tí opó ń sunkún níwájú rẹ̀ tí kò mì, ẹni tí ń gbọ́ ìwàásù láti ọdún dé ọdún tí kò yípadà, kí ni àyà rẹ̀ fi sàn ju ère lọ? Òwe wa wí pé ẹni tí ó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bá. Àwọn tí ó kó òkò jọ nítorí obìnrin nì (Jòhánù 8) fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é. Nígbà tí Olúwa bi ẹ̀rí-ọkàn wọn léèrè, wọ́n bá ọ̀nà wọn lọ, bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn àgbà. Ìlérí Ọlọ́run sì ni pé òun yóò mú ọkàn òkúta kúrò, òun yóò sì fi ọkàn ẹran rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀KẸTA: ÒKÚTA ÀÀYÈ. Ìtàn ilẹ̀ wa ní ènìyàn di òkúta. Ìhìnrere ní òkúta di ènìyàn. Jòhánù Oníbatisí sọ pé Ọlọ́run lè gbé ọmọ dìde fún Ábúráhámù láti inú òkúta (Mátíù 3:9). Pétérù, ẹni tí Olúwa fi òkúta sọ lórúkọ, kò pe ara rẹ̀ ní ìpìlẹ̀. Ó tọ́ka sí Kristi, Òkúta tí àwọn ọ̀mọ̀lé kọ̀ tí ó sì di ti igun ilé, ó sì pe gbogbo wa ní òkúta ààyè tí a ń tò lé E lórí.

Òkúta kan ṣoṣo kì í jẹ́ ilé. Nígbà tí Sólómọ́nì ń kọ́ tẹ́ḿpìlì, níbi tí a ti wa òkúta ni a ti gbẹ́ ẹ tán, tó bẹ́ẹ̀ tí a kò gbọ́ ìró òòlù tàbí àáké nínú ilé náà (1 Àwọn Ọba 6:7). Bí ariwo bá pọ̀ nínú ìjọ wa, ó lè jẹ́ pé a kò tíì jẹ́ kí Ọlọ́run gbẹ́ wa nílé, nínú àdúrà, kí a tó wá. Igun tí ó ń gún ẹnìkejì lára ni kí a jẹ́ kí Ó gé kúrò.

Nítorí náà, kí olùkọ́ pe ọmọ náà padà, kí ó sì wí fún un pé: “Ìwọ béèrè dáadáa. Jákọ́bù kò bọ òkúta. Ó fi í ṣàmì ibi tí Ọlọ́run ti pàdé rẹ̀. Ọlọ́run sì ń fẹ́ fi ìwọ pẹ̀lú kọ́ ilé Rẹ̀.”

Ìbéèrè fún kíláàsì:
1. Kí ni Jákọ́bù ṣe sí òkúta, kí sì ni kò ṣe sí i?
2. Kí ni ìdí tí a fi to òkúta 12 jọ ní Gílígálì?
3. Kí ni àmì àyà òkúta nínú ilé wa àti nínú ìjọ wa?
4. Igun wo lára wa ni kò tíì jẹ́ kí a bá ẹnìkejì wa jókòó pọ̀ nínú ilé Ọlọ́run?