Ìtumọ̀ àti Ìlò Àkànlò-Èdè Gẹ̀ẹ́sì ‘Add Insult to Injury’ fún Olùkọ́ Yorùbá

Ìfáárà
Ó ti pẹ́ tí èdè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ti ń pàdé ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ìwé ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859 jẹ́ ẹ̀rí. Síbẹ̀, ìtumọ̀ àkànlò-èdè ṣì ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láàmú. Àpẹẹrẹ kan ni ‘add insult to injury’, tí àwọn kan ń túmọ̀ sí ‘fi èébú kún ọgbẹ́’. Yorùbá kì í sọ bẹ́ẹ̀.

Orírun
Phaedrus sọ ìtàn kan ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ọdún sẹ́yìn. Eṣinṣin jẹ apárí kan lórí. Apárí fẹ́ pa á, ara rẹ̀ ni ó gbá. Eṣinṣin wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ṣe ara rẹ̀ níbi, ó sì tún dójú ti ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Látìn tí ‘injury’ ti ṣẹ̀ wá kì í ṣe ọgbẹ́. Ìwà àìtọ́ tí a hù sí ènìyàn ni.

Ìlò
Ká ní ewúrẹ́ aládùúgbò jẹ ẹ̀gẹ́ tí ìyá kan sá sóòrùn ní Alábàtà láti fi ṣe láfún. Àdánù nìyẹn. Bí ẹni tó ni ewúrẹ́ bá wá sọ pé, ‘Ìyá, ṣé ẹ̀gẹ́ tó ń rùn yìí náà ni ẹ ń pariwo lé lórí?’, ó ti fi àbùkù kàn wọ́n. Ìyá náà yóò wí pé: ‘Ẹran rẹ̀ jẹ ẹ̀gẹ́ mi tán, òun náà tún wá ń bú mi.’ ‘Tún’ yìí ni ó ṣe iṣẹ́ ‘add’.

Àwọn mìíràn a máa lo òwe náà, ‘Bí ìyà ńlá bá gbé ni ṣánlẹ̀, kékeré a máa gorí ẹni.’ Ó sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n wọn kò dọ́gba. Nínú òwe, ìyà fúnra rẹ̀ ni olùṣe. Kò pọn dandan kí ẹnì kan jẹ̀bi. Nínú ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ṣe ibi ni ó sábà máa ń fi àbùkù lé e. Bí òjò bá ba ẹ̀gẹ́ ìyá yìí jẹ́, tí ikán sì tún jẹ apẹ̀rẹ̀ wọn, òwe yìí yẹ. Bí aládùúgbò bá bú wọn, kò yẹ.

Àgbálọgbábọ̀
Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó túmọ̀, kí olùkọ́ bi í léèrè: Ta ni ó ṣe ibi? Ta ni ó ṣe é sí? Kí ni ó tún fi lé e? Bí a kò bá tọ́ ‘fi èébú kún ọgbẹ́’ sọ́nà lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò di olùkọ́ lọ́la, àwọn ọmọ tí ó bá sì kọ́ yóò gbà á gẹ́gẹ́ bí ojúlówó Yorùbá.