Ẹ Ti Ìsàlẹ̀ Múra: Ìmọ̀ràn Ìgbà Òjò fún Àwọn Ọmọ Bọ́ọ̀dù Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé eré ọmọ ìta ni bọ́ọ̀dù onítáyà, skateboard. Eré tí wọ́n gbé wọ Òlíńpíìkì ní Tokyo lọ́dún 2021 ti kọjá bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Ghana ti ní pápá tiwọn, Freedom Skatepark, ní Accra. Oṣù Kejìlá ọdún 2021 yẹn náà ni wọ́n ṣí i. Ní Èkó wa níbí, Jomi Marcus-Bello àti àwọn ẹgbẹ́ WAFFLESNCREAM rẹ̀ ti ń gun bọ́ọ̀dù, wọ́n sì ń ta ohun èlò rẹ̀ tipẹ́.

Wọ́ọ̀fù ni èmi ti jẹun. Títún ọmọlanke àti tírọ́lì ṣe ni iṣẹ́ mi, torí náà mo mọ ohun tí omi ń fojú ohun tó bá ń yí rí. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń wò yín, mo sì rí i pé òkè lẹ ti ń múra. Ẹ ra húùdì olówó ńlá, ẹ dé fìlà, ẹ fi ṣéènì sọ́rùn, ṣùgbọ́n ìtẹ́lẹ̀ bàtà yín ti jẹ tán. Ohun tó ń gbé ènìyàn ṣubú nínú òjò, ìsàlẹ̀ ló wà. Nítorí náà, láti ilẹ̀ ni n ó ti máa ka ìmọ̀ràn mi lọ sókè.

1. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò. Lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ 27 oṣù Keje 2024, ó yẹ kí àwọn ọkùnrin díje bọ́ọ̀dù ojú títì ní Òlíńpíìkì Paris. Òjò dé. Gbogbo ayé ti jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, síbẹ̀ wọ́n sún eré náà sí ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 29. Ọjọ́ náà ni Yuto Horigome, ọmọ Japan, wá gba wúrà. Bí irú àwọn wọ̀nyẹn bá lè fara balẹ̀ de ilẹ̀ gbígbẹ, ta ló ń lé ìwọ láti Wilmer dé Boundary?

Ilẹ̀ tiwa sì tún le ju tiwọn lọ. Ojú Creek Road àti ọ̀nà Tin Can, táńkà àti tírélà ló ń sùn níbẹ̀. Dísù ń kán sílẹ̀, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì náà ń kán. Bí òjò bá ti dá fún ọjọ́ mélòó kan, tó wá ń ṣẹ́ wínníwínní, gbogbo epo yẹn á léfòó sókè, á tẹ́ sójú títì. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé òjò wínníwínní àkọ́kọ́ yìí burú ju òjò ńlá lọ, torí òjò ńlá á gbá epo náà lọ sínú gọ́tà. Bí o bá ti rí àwọ̀ òṣùmàrè lójú omi, sọ̀ kalẹ̀, kí o gbé bọ́ọ̀dù há abíyá. Ọ̀dà funfun tí wọ́n fi fa ìlà sójú títì náà ń yọ̀. Omi tó bá sì dárogún, má wọ̀ ọ́ rárá: gọ́tà tí wọ́n ti jí ìdérí rẹ̀ gbé lè wà lábẹ́ rẹ̀, wáyà iná tó já sì lè wà níbẹ̀. Kọnkéré Wharf Road dùn ún gùn tó bá gbẹ, mo mọ̀. Ọ̀nà tírélà ni, kì í ṣe tìrẹ, òjò ì báà rọ̀, oòrùn ì báà ràn.

2. Bàtà ni kí owó kọ́kọ́ lọ sí. Kí ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ó jẹ́ rọ́bà tó rọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ á fi lè mọ ibi tí bọ́ọ̀dù wà. Súẹ́ẹ̀dì ni àwọn tó mọ bọ́ọ̀dù gùn fẹ́ràn, torí sáńpépà orí bọ́ọ̀dù kì í tètè jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ó ń mu omi, á wúwo, á sì pẹ́ kó tó gbẹ. Kánfáàsì tún burú jù ú lọ: àgbàrá kan péré, ẹsẹ̀ rẹ ti tutù. Bí agbára rẹ bá ká bàtà méjì, fi èyí tó ti gbó ṣe ti òjò, ṣùgbọ́n kí ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ má tíì jẹ. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan lo ní, awọ dídán sàn ju súẹ́ẹ̀dì lọ láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Keje.

Mo rí ọmọ kan ní Ojú Ọ̀nà Mobil tó wọ bàtà òjò bàbá rẹ̀ gun bọ́ọ̀dù. Bàtà òjò, tiwa tí a ń wọ̀ ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù ni! Omi á wọnú rẹ̀ láti òkè, kò sì ní ríbi jáde. Ọrùn ẹsẹ̀ kò ní lè yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ ọrùn ẹsẹ̀ lẹ fi ń tọ́ bọ́ọ̀dù. Bàtà onírin àwọn tó ń já kọ̀ǹténà náà kò wúlò fún yín. Bí bàtà bá rẹ, ki ìwé ìròyìn àtijọ́ sínú rẹ̀, kí o máa pààrọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń mu omi. Má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù tàbí ẹnu èéfín jẹnẹrétọ̀: gọ́ọ̀mù ìtẹ́lẹ̀ á yọ́, á sì já.

3. Sọ́ọ̀kì méjì: ọ̀kan lẹ́sẹ̀, ọ̀kan nínú náílọ́ọ̀nù tí o dì pa nínú báàgì. Ó parí.

4. Táyà. Èyí tí ẹ fi ń fò, tí ẹ fi ń gun etí gọ́tà, kékeré ni, ó sì le: 52 sí 54 mìlímítà, 99A tàbí 101A ni wọ́n máa ń kọ sí i lára. Lórí kọnkéré tútù, kò ní ohun tó máa dì mú. Bí ó bá jẹ́ pé ìrìn lo fẹ́ rìn, wá èyí tó tóbi tó 60, tí wọ́n kọ 78A sí. Ó rọ̀, ó ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì, kì í sì í yọ̀ tó ti àkọ́kọ́. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ó mú òjò kúrò. Yóò dín ewu kù ni, kò ní lé e lọ. Kí ẹ sì má ta kọ́ọ̀nà kíákíá.

5. Wàyí o, bíárìn. Níbí ni mo ti ní ẹnu ọ̀rọ̀.

Bíárìn bọ́ọ̀dù yín, 608 ni. Ihò àárín rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 8, ìbú rẹ̀ níta 22, ìnípọn rẹ̀ 7. Òun náà ló wà nínú síkéètì onítáyà tí àwọn àbúrò yín ń wọ̀. Ẹ kò nílò láti dúró de ẹni tó ń bọ̀ láti òkè òkun, ẹni tó bá ń ta bíárìn gidi mọ nọ́ńbà yẹn. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ tẹ̀lé e: ZZ túmọ̀ sí ìdérí irin, 2RS sì ni ìdérí rọ́bà. Nígbà òjò, 2RS ni kí o rà. Ìdérí irin kò kan ara, omi á gba etí rẹ̀ wọlé, iyanrìn á tẹ̀ lé e. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìwọ á yí táyà, á máa han bí ẹni ń lọ ata gbígbẹ.

Bí omi bá ti wọ̀ ọ́, má sùn kí o tó tú u. Sípánà ìdajì ínṣì ló ń tú nọ́ọ̀tì táyà. Fi abẹ́rẹ́ yọ ìdérí rọ́bà náà láti etí inú, rọra, kí ó má ya. Fi kẹrosíìnì díẹ̀ fọ̀ ọ́ nínú agolo níta gbangba, níbi tí iná kò sí, kí o má sì fi bẹntiróòlù dán an wò. Gbọ̀n ọ́n, fi aṣọ nù ún, jẹ́ kí ó gbẹ dénú. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ni kí o wá kán sí i, ẹ̀kán méjì péré. Kò sí òpópónà kan ní Ajégúnlẹ̀ tí kò ní télọ̀, ẹ lọ tọrọ díẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Òróró ìdáná kọ́ o! Òróró ìdáná á gan, á kó eruku jọ, táyà á sì dúró lójú kan. Ti èmi, gírísì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo fara mọ́ láti oṣù Kẹfà títí òjò fi máa lọ. Yóò fa eré yín sẹ́yìn díẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ń lé omi sẹ́yìn ju òróró lọ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ẹ padà sí òróró.

Àwọn kan ń fi WD-40 fọ́n ọn, wọ́n ń rò pé wọ́n ti ṣe é. Yóò lé omi jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kó tó gbẹ lọ. Ẹ fi òróró tẹ̀ lé e.

6. Pákó bọ́ọ̀dù, ìpele igi méje tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Omi á wọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pàápàá ibi tí imú rẹ̀ ti ń ha ilẹ̀, ìpele náà á sì máa ṣí. Fi aṣọ nù ún, gbé e nàró sí ara ògiri nínú ilé. Má sá a sínú oòrùn, má sì gbé e sábẹ́ páànù gbígbóná, torí ooru náà ń tẹ̀ ẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ni kí o fi fọ ẹrẹ̀ kúrò nínú sáńpépà rẹ̀.

7. Aṣọ. Ẹ ń rẹ́rìn-ín pé òtútù wo ló wà l'Ékòó. Ọmọ mi, lóṣù Keje, tí aṣọ rẹ bá rẹ, tí atẹ́gùn bá wá láti ojú omi Tin Can, eyín rẹ á máa gbá ara wọn. Aṣọ òwú ló ń fà á. Ó ń mu omi, ó ń gbá a mọ́ra, omi náà sì ń fa ooru kúrò lára rẹ bó ṣe ń gbẹ. Jíìnsì ni ọ̀gá wọn: á wúwo, orúnkún kò ní tẹ̀ mọ́.

Ohun tó dára wà nílé yín tẹ́lẹ̀. Jẹ́sì bọ́ọ̀lù! Àdúgbò tó bí Samson Siasia àti Taribo West sínú bọ́ọ̀lù, ilé wo ni jẹ́sì ti wọ́n? Kì í mu omi púpọ̀, ó ń tètè gbẹ. Wọ ọ́ sábẹ́, kí ó fún díẹ̀. Bí ó bá tutù gan-an, wá súwẹ́tà onírun àgùntàn lọ́jà òkìríkà, torí irun àgùntàn ń móoru bí ó tilẹ̀ rẹ. Ka ìwé kékeré tó wà lọ́rùn rẹ̀ kí o tó sanwó, kí wọ́n má ta àkírílíìkì fún ọ lórúkọ àgùntàn.

8. Jákẹ́ẹ̀tì òjò: kí ó mọ ní ìdí. Aṣọ òjò gígùn àwọn ọlọ́kadà á há sínú táyà. Kí ó má jẹ́ dúdú. Nínú òjò, awakọ̀ tírélà tó jókòó sókè lọ́hùn-ún kò rí ọ, wáípà rẹ̀ gan-an lè má ṣiṣẹ́. Ẹ lọ ra fẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ yẹ́lò tó ń tàn, irú tí àwọn òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀fù ń wọ̀, ẹ gbé e lé e lórí. Mo mọ̀ pé kò bá ìmúra yín mu. Ẹ wọ̀ ọ́. Húùdì, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ó ń dí etí àti ẹ̀gbẹ́ ojú, ẹ ò sì ní gbọ́ fèrè.

9. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì: ti kẹ̀kẹ́ tàbí ti bọ́ọ̀dù, kì í ṣe ti ọ̀kadà tó wúwo. Ìka méjì ni kí ó wà láàárín rẹ̀ àti ìpéǹpéjú rẹ. Èyí tó bá ti gba ìṣubú ńlá kan, má lò ó mọ́, inú rẹ̀ ti fọ́ bí ìta rẹ̀ tilẹ̀ dán. Ààbò ọrùn ọwọ́ náà ṣe pàtàkì, torí ọwọ́ ni gbogbo wa fi ń na ilẹ̀ tí a bá yọ̀.

10. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀gbọ́n ní Peckham ní London, wọ́n lè sọ fún yín pé àwọn ń gun bọ́ọ̀dù nínú òtútù gidi. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè Southbank: abẹ́ ilé ni, òrùlé wà lórí rẹ̀, láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń gùn ún níbẹ̀. Tiwa, abẹ́ afárá Ìjọ́rà kọ́. Ọkọ̀ ló ń gba ibẹ̀. Ilẹ̀ kọnkéré tó ní òrùlé, tí wọ́n bá gbà yín láàyè níbẹ̀, ló dára.

11. Bí o bá délé, fi ọṣẹ fọ ẹsẹ̀ rẹ dé orúnkún. Àgbàrá Ajégúnlẹ̀ kò mọ́, ẹ mọ ohun tó ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bí awọ bá ti bó, lọ bi wọ́n ní ilé ìwòsàn nípa abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀dù tó bá sì ti wọ́, tí ìpele rẹ̀ ti ṣí, má tà á fún àbúrò rẹ. Tú táyà àti irin rẹ̀ pa mọ́, kí o gbé pákó náà fún màmá rẹ. Yóò kàn án mọ́ ògiri ìdáná, yóò fi gbé agolo iyọ̀ àti ata lé.