Igi Gogoro Orí Ọkọ̀

"Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó wá." Ẹni tó bá ń rìn láàárín Èkó àti Ìbàdàn mọ bí àwọn awakọ̀ ṣe ń fi òwe yìí ṣèwà hù. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ níwájú, àwọn tó ń bọ̀ láti òdìkejì á máa ṣẹ́ iná, wọ́n á máa juwọ́ pé kí èèyàn rọra. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kú sójú títì á já ewé tútù, á tò ó sẹ́yìn ọkọ̀, kí ẹni tó ń sáré bọ̀ lè ti òkèèrè rí i. Ní Amẹ́ríkà, ẹnu làwọn awakọ̀ tírélà fi ń já ewé tiwọn. Rédíò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní CB ló wà nítòsí ọwọ́ wọn. Wọ́n á gbé gbohùngbohùn rẹ̀, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì, wọ́n á ní ọkọ̀ kan ti dojú dé ní máìlì báyìí, kí ẹni tó ń bọ̀ tètè bọ́ sápá òsì.

Ọdún 1958 ni FCC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ rédíò lọ́hùn-ún, ya ìkànnì mẹ́tàlélógún (23) sọ́tọ̀ lórí 27 MHz fún aráàlú. Okìkí rẹ̀ kò kàn àfi ìgbà tí epo di ọ̀wọ́n lọ́dún 1973, tí ìjọba sì pàṣẹ pé kí ọkọ̀ má sáré kọjá máìlì 55 ní wákàtí kan. Àwọn awakọ̀ tírélà wá ń fi CB bi ara wọn léèrè ibi tí epo wà, àti ibi tí ọlọ́pàá lúgọ sí. Láti oṣù kìíní ọdún 1977, iye ìkànnì náà di 40. Ìkànnì 9 jẹ́ ti pàjáwìrì. Ìkànnì 19 ni àwọn awakọ̀ ti ń pàdé. Àwọn ọmọ Yorùbá náà wà lára àwọn tó ń wa tírélà ní Texas àti láwọn ìpínlẹ̀ mìíràn, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì nìkan.

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra rédíò yìí mọ̀ kó tó náwó. Agbára tí òfin Amẹ́ríkà gbà fún CB lórí AM kò ju wáàtì 4 lọ. Ọ̀pọ̀ gílóòbù inú ilé ń jẹ iná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Rédíò olówó ńlá àti rédíò pọ́ọ́kú, wáàtì 4 kan náà ni wọ́n jọ ń pín, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bù kún agbára rẹ̀ kò sì bófin mu. Ibi tí ìyàtọ̀ wà ni áńtẹ́nà, ọ̀pá tí àwọn àgbà wa ń pè ní éríà. Síbẹ̀, owó rẹpẹtẹ lọ̀pọ̀ èèyàn ń ná sórí rédíò, wọ́n á wá fi owó kékeré tó ṣẹ́kù mú ọ̀pá tó bá kọ́kọ́ wù wọ́n lójú. Ìnáwó ọ̀hún dojú rú. Áńtẹ́nà gidi lórí rédíò pọ́ọ́kú á jẹ́ kí ohùn dé iwájú. Áńtẹ́nà burúkú lórí rédíò olówó ńlá á há ohùn mọ́ inú ọkọ̀.

Báwo ló ṣe yẹ kó gùn tó? Ìgbì tí CB ń lò gùn tó mítà 11, ìyẹn nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 36. Ọ̀pá tí yóò bá a mu dáadáa lórí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 9. Òun ló fà á tí àwọn awakọ̀ àtijọ́ fi fẹ́ràn pàṣán irin tó gùn ní ínṣì 102, tí wọ́n ń gbé ka orí sípíríǹgì tó ga tó ínṣì 6: àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ínṣì 108, ẹsẹ̀ bàtà 9 géérégé. Títí di òní, kò sí áńtẹ́nà ọkọ̀ tó tún ju pàṣán yìí lọ tó bá di ká gbé ohùn jáde.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, tírélà kò gbọdọ̀ ga ju ẹsẹ̀ bàtà 13 àbọ̀ lọ, nítorí afárá àti ìbòrí ilé epo. Ta ni yóò wá gbé ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 9 lé e lórí? Àwọn tó ń ṣe áńtẹ́nà dọ́gbọ́n sí i: wọ́n wé wáyà bàbà yí ọ̀pá fáíbà ká, kí wáyà gígùn lè wọ inú ọ̀pá kúkúrú. Ọ̀pá Firestik tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Phoenix jẹ́ irú èyí. Òkè ni wáyà tí wọ́n wé ti pọ̀ jù, kí ó lè ga kúrò lára pánù ọkọ̀. Wilson 1000 ní tirẹ̀ kó wáyà sídìí, pàṣán irin tín-ín-rín tó gùn ní ínṣì 62 àbọ̀ ló sì yọ jáde lókè.

Ọgbọ́n yìí ní iye tó ń náni. Bí ọ̀pá bá ṣe kúrú tó ni agbára ṣe ń ṣòfò sínú ooru tó, tí ìkànnì tó lè bá ṣiṣẹ́ dáadáa sì ń dín kù. Ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 2 lè dáa lórí ìkànnì 19 kó sì máa kọsẹ̀ lórí ìkànnì 1 àti 40. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tàbí jíìpù lè fi ẹsẹ̀ bàtà 4 ṣe é, á sì gbádùn rẹ̀. Èyí tó bá kúrú jùyẹn lọ, kí èèyàn rà á nítorí pé ibi ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀ kò ga, kó má jẹ́ nítorí ẹwà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù lọ nìyí, ibẹ̀ náà sì ni owó ti ń ṣòfò jù. "Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí." Ọ̀pá tí à ń rà lọ́jà, ìlàjì áńtẹ́nà ni. Ìlàjì kejì ni irin ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Bí ọ̀pá kò bá rí irin tó gbòòrò lábẹ́ ara rẹ̀, ó dà bí ẹni tó fẹ́ fò láìrí ilẹ̀ tẹ̀. Nítorí náà, kí èèyàn tó béèrè pé áńtẹ́nà wo ló dáa, kó kọ́kọ́ kan ara ọkọ̀ rẹ̀ ní kókó, kó mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é.

Ẹ wo Ford F-150. Láti àwòṣe ọdún 2015 ni wọ́n ti ń fi aluminíọ̀mù ṣe ara rẹ̀. Ẹni tó bá ra áńtẹ́nà onídìí òòfà fún un á gbé e ka orí rẹ̀, á sì yọ̀ ṣubú, nítorí òòfà kì í mú aluminíọ̀mù. Ó ní láti lo ìdí tí wọ́n ń fi bóòtù dè. Jeep Wrangler tún ní tirẹ̀: òrùlé tó ṣeé tú tó wà lórí ọ̀pọ̀ rẹ̀, fáíbà tàbí aṣọ ni, òòfà kò níṣẹ́ kankan tó lè ṣe níbẹ̀. Ẹ̀yìn, níbi táyà tí wọ́n gbé kọ́, ni àwọn onímọ́tò yìí sábà máa ń de ọ̀pá wọn mọ́, iná tí yóò padà sára ọkọ̀ á sì máa gba inú àgbékọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, tí ọ̀dà àti gírísì ti dí. Ọkọ̀ tí èèyàn ń gbé inú rẹ̀ sùn, tí ara rẹ̀ jẹ́ kìkì fáíbà, kò ní irin tí ọ̀pá lè lò lábẹ́ ara rẹ̀. Wọ́n ń ta áńtẹ́nà tí kò nílò irin lábẹ́ fún irú rẹ̀, òun àti wáyà tirẹ̀ ló sì ń bá ara wọn wá. Bí wọ́n bá fi wáyà mìíràn rọ́pò rẹ̀, kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa.

Fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ irin, kò sí ibi tó dà bí àárín òrùlé gan-an. Ohùn a máa lọ síbi tí irin pọ̀ sí jù: bí èèyàn bá de ọ̀pá mọ́ igun ẹ̀yìn lápá òsì, iwájú lápá ọ̀tún ni ohùn rẹ̀ yóò ti le jù. Ó kéré tán, kí ìlàjì ọ̀pá yọ kọjá òrùlé. Èyí tó bá fara pamọ́ sẹ́yìn pánù, ẹni tó wà lẹ́yìn pánù yẹn kò ní gbọ́ ọ dáadáa.

Báwo wá ni awakọ̀ ṣe máa mọ̀ pé ọ̀pá àti ọkọ̀ ti gbà fún ara wọn? Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Mítà kékeré kan ló ń sọ ọ́, SWR lorúkọ òǹkà rẹ̀. Ó ń wọn agbára tí áńtẹ́nà kọ̀, tó dá padà sínú rédíò. Bí ó bá ka 1.5, nǹkan bí ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún ló padà, kò séwu. Bí ó bá ka 2, ó tó ìdá 11, ó ṣì ṣeé fara dà. Bí ó bá di 3, ìdá 25 ló ń padà, rédíò á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, èèyàn kò sì gbọdọ̀ máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ títí.

Ká ní ọmọ Ìbàdàn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ tírélà ní Houston. Ó ra ọ̀pá fáíbà ẹsẹ̀ bàtà 4, ó dè é mọ́ apá irin tó gbé dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ dúró, ó yá mítà, ó wọ̀n ọ́n. Ìkànnì 1 kọjá 3. Ìkànnì 19 kọjá 3. Ìkànnì 40 náà kọjá 3. Ó ti gbọ́ rí pé bí SWR bá ga, kí èèyàn gé ọ̀pá kúrú, ló bá mú ayùn irin. Awakọ̀ àgbà kan tó gbọ́kọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

"Àbúrò, fi ayùn yẹn sílẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ó ga níbi gbogbo ni."

"Torí pé ó ga níbi gbogbo gan-an ni. Ìdí rẹ̀ ló ń dùn ún, orí kọ́."

Àgbà náà mú mítà iná, ó fi ẹnu kan rẹ̀ kan irin tó di ọ̀pá mú, ó fi ìkejì kan orí bátìrì tó jẹ́ ti nẹ́gátíìfù. Ó yẹ kí òǹkà ohm fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Mítà fi hàn pé iná kò kọjá rárá. Rọ́bà wà láàárín apá dígí àti ara ọkọ̀, ọ̀dà sì bo gbogbo ojú bóòtù. Wọ́n họ ọ̀dà náà títí irin fi ń dán, wọ́n fa wáyà pẹlẹbẹ kan láti ìdí ọ̀pá lọ sí ara ọkọ̀, wọ́n fún bóòtù. Wọ́n tún wọ̀n ọ́n: ìkànnì 1 ka 2, ìkànnì 19 ka 1.6, ìkànnì 40 ka 1.3.

Òǹkà tuntun yìí ń sọ̀rọ̀. Bí SWR bá ga lórí ìkànnì 40 ju ti ìkànnì 1 lọ, ọ̀pá gùn jù. Bí ó bá ga lórí ìkànnì 1 ju ti 40 lọ, bíi ti ọmọkùnrin yìí, ọ̀pá kúrú jù. Ká ní ó ti fi ayùn gé e, ọ̀pá tó ti kúrú tẹ́lẹ̀ ni ì bá tún gé kúrú sí i, owó rẹ̀ ì bá sì wọgbó. Ní orí irú ọ̀pá yìí, lábẹ́ ìdérí rọ́bà, sukúrù kan wà tí wọ́n ń yí sókè bí ó bá kúrú, tí wọ́n ń yí wọlé bí ó bá gùn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: wọ́n yí i sókè díẹ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n tún yí i díẹ̀, títí ìkànnì 1 àti 40 fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí 19 sì wà nísàlẹ̀ wọn. Ibi gbalasa ni wọ́n ti ń ṣe èyí, tó jìnnà sí ògiri àti ọkọ̀ mìíràn. Kí wọ́n pa gbogbo ilẹ̀kùn dé, kí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n sì jókòó sínú ọkọ̀, nítorí irin tó bá wà nítòsí á mú kí mítà purọ́.

Ní ti ọ̀pá méjì tó ń dán lára dígí ọ̀tún àti òsì tírélà, ó wu ojú, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló yẹ. Ó yẹ kí wọ́n jìnnà síra tó ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 9 kí wọ́n tó lè ran ara wọn lọ́wọ́ láti gbé ohùn síwájú àti sẹ́yìn. Lórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, owó ọ̀pá kejì ti wọmi. Wáyà wọn náà yàtọ̀: ohm 75 ni ti ọ̀pá méjì, ohm 50 ni ti ọ̀pá kan. Ẹni tó bá tú ọ̀kan kúrò gbọ́dọ̀ pààrọ̀ wáyà.

Kí wáyà má há mọ́ ilẹ̀kùn, kí wọ́n má sì ká èyí tó ṣẹ́kù bí okùn kànga sábẹ́ àga. Kí wọ́n wé ojú ibi tó ti so mọ́ ọ̀pá dáadáa kí òjò má wọ̀ ọ́. Àìsàn ọ̀pọ̀ áńtẹ́nà tó ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ẹ̀rùn tó sì kọṣẹ́ lójò kò ju ìyẹn lọ.

Kí ẹni tó bá gbé rédíò tuntun wọlé lónìí jọ̀wọ́ má ṣe tẹ bọ́tìnnì ọ̀rọ̀ kí áńtẹ́nà tó wọ ìdí rẹ̀, kódà kó jẹ́ láti dán an wò fún ìṣẹ́jú kan. Agbára tí kò bá rí ibi jáde gbà á padà wá sórí tiransítọ̀ tó ń gbé ohùn jáde, ó sì lè jó o. Bí ìyẹn bá ti jó, awakọ̀ á ṣì máa gbọ́ gbogbo ohun tí àwọn tó wà níwájú ń sọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá dojú dé níwájú tirẹ̀, kò ní sí ẹni tó máa gbọ́ ohùn rẹ̀.