Ẹ Má Dáko Dé Etí Omi: Ìmọ̀ràn fún Àgbẹ̀ Agbègbè Odò Ọ̀ṣun

Odò Ọ̀ṣun ṣẹ̀ ní Ìgèdè, ní ilẹ̀ Èkìtì. Ó la ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun já, ó gba Ọ̀yọ́ àti Ògùn, kó tó wọ inú ọ̀sà Lẹ́kí. Omi rẹ̀ ni wọ́n sé ní Aṣéjìrẹ́ kí àwọn ará Ìbàdàn lè rí omi ẹ̀rọ lò, etí rẹ̀ náà sì ni igbó Ọ̀ṣun wà ní Òṣogbo, èyí tí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé ní 2005. Láti ọdún mélòó kan wá ni omi yìí ti pọ́n, tó sì kún fún ẹrẹ̀, nítorí àwọn tó ń wa wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń fọ iyẹ̀pẹ̀ sínú àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn wọ̀ ọ́. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ wá ṣe ọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu omi náà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa bíba odò jẹ́, ohun tó máa kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, “Àwọn awakùsà ni kẹ́ ẹ lọ bá.” Wọn ò parọ́. Ohun tí àwọn awakùsà ṣe burú, ó sì yẹ kí ìjọba dá wọn lẹ́kun. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ni ojú ń rí. Oògùn apakòkòrò, oògùn apakoríko àti ajílẹ̀ tó ń ti oko ṣàn lọ kò ní àwọ̀. Bí wíwa wúrà bá dáwọ́ dúró lọ́la tí omi sì tòrò, èyí tó ti oko wá yóò ṣì wà níbẹ̀, nínú omi tó mọ́ lójú. Tiwa nìyẹn, a sì lè tún un ṣe láìdúró de ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká wo bí oògùn ṣe ń rìn, nítorí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń gba ọ̀nà kan náà. Paraquat àti glyphosate, tí wọ́n jẹ́ oògùn apakoríko, máa ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ pinpin. Èròjà phosphorus inú ajílẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ náà ni bàbà tó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn tí àgbẹ̀ ń fín sí kòkó nígbà òjò kí èso rẹ̀ má baà dúdú kó sì jẹrà. Bàbà yìí kì í tán nílẹ̀. Ti ọdún yìí á kàn gorí ti èṣí ni. Àwọn wọ̀nyí kì í sábà kúrò lóko àfi bí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ bá kúrò. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá sì rọ̀ sórí ebè tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, tí koríko kankan kò sí lórí rẹ̀, ilẹ̀ òkè tó lọ́ràá jù lọ ni ọ̀gbàrá máa kọ́kọ́ wọ́ lọ, tòun ti oògùn àti ajílẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn. Atrazine tí àwọn alágbàdo ń lò àti nitrogen inú ajílẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Wọ́n ń yòrò sínú omi, wọ́n sì lè gba abẹ́ ilẹ̀ dé inú kànga. Torí pé wọ́n ń bá atrazine pàdé nínú omi abẹ́ ilẹ̀ ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU) ṣe kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní 2004.

Oko tó bá jìnnà sí odò, ilẹ̀ àti koríko tó wà láàárín á ti dín agbára ọ̀gbàrá kù kó tó débẹ̀. Oko tí ebè rẹ̀ tó kẹ́yìn wà létí omi kò ní ohunkóhun tó máa dá nǹkan dúró. Ohun àkọ́kọ́ tí ìwé yìí ń bẹ̀ yín fún ni èyí: ẹ fi ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà 10, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 33, sílẹ̀ láàárín ebè tó kẹ́yìn àti etí omi, kó sì fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí ilẹ̀ bá ti rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ má ro ó, ẹ má dáná sun ún, ẹ má fín oògùn sí i. Èèsún àti àwọn koríko mìíràn tó bá hù níbẹ̀ á mú kí ọ̀gbàrá rọra rìn. Bó bá ti rọra rìn, iyẹ̀pẹ̀ á jókòó sáàárín koríko, púpọ̀ nínú omi tó kù á sì wọ ilẹ̀ lọ. Gbòǹgbò igi á di etí odò mú kó má baà ya lulẹ̀. Ìbòòji igi á mú kí omi tutù, omi tútù ló sì ń gba afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí dúró jù. Ẹ kọ ebè yín dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ pẹ̀lú, kí poro má kọjú sí odò.

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló gbà pé omi tó ń ṣàn kì í gbé ìdọ̀tí dúró. Ó ń gbé e lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibì kan ló ń gbé e lọ. Bí Ọ̀ṣun bá dé Aṣéjìrẹ́, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣàn mọ́. Ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ ti ń rẹlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn, ibẹ̀ náà sì ni èròjà ajílẹ̀ ti ń di oúnjẹ fún ewéko orí omi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí àwọn odò kéékèèké bá fà, oògùn tí ìbá yòrò dànù nínú omi púpọ̀ lóṣù kẹsàn-án á wá ki nínú ìwọ̀nba omi tó kù, àkókò yẹn gan-an sì ni a ń fín oògùn sí ẹ̀fọ́ ní àkùrọ̀. Cypermethrin àti lambda-cyhalothrin, àwọn oògùn apakòkòrò tó wọ́pọ̀ lọ́jà, bíńtín wọn tó láti pa ẹja àti edé, bí ẹni tó fín in kò tiẹ̀ mọ nǹkan kan lára.

Àtakò tó wúwo jù lọ ni ti ilẹ̀. Etí odò ló lọ́ràá jù, òun ló sì ń mú owó wá nígbà tí oko òkè bá gbẹ. A ò lè sọ pé kò sí àdánù. Lórí hẹ́kítà kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 100, mítà 10 létí odò kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Ṣùgbọ́n lórí éékà kan, yóò sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́fà, ẹni tó sì ní éékà kan ṣoṣo kò lè fojú kéré ìyẹn. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi mítà márùn-ún bẹ̀rẹ̀, ó sàn ju òfo lọ. Bẹ́ẹ̀ ni a ò sì ní kí ilẹ̀ náà má mówó wá. Ewé eéran fẹ́ràn ibi tó tutù lábẹ́ igi, àwọn tó ń se mọ́ínmọ́ín kò sì yéé wá a kiri. Ọparun ń wúlò fún akọ́lé, igi ògùrọ̀ sì ti mọ etí omi nílé tipẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà lè wà níbẹ̀ bí a ò bá ní fín nǹkan sí i. Ẹ fi èyí kún ìṣirò yín pẹ̀lú: ajílẹ̀ tí ọ̀gbàrá ń kó lọ, owó yín lẹ fi rà á, etí odò tó sì ń ya lọ́dọọdún ń jẹ ilẹ̀ tí ẹ kò fẹ́ fi sílẹ̀ yẹn náà.

Àwọn kan á ní owó alágbàṣe ti wọ́n jù, pé láìsí oògùn koríko, oko ò ṣeé dá mọ́. A gbọ́. Kì í ṣe gbogbo oko la ní kẹ́ ẹ fi àdá àti ọkọ́ ro, àwọn ebè tó sún mọ́ odò nìkan ni. Àmọ́ ẹ má lo paraquat rárá, nítorí àjọ NAFDAC ti fòfin dè é láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2024, ó sì kéde pé ti atrazine náà yóò tẹ̀ lé e ní 2025. Ẹni tó bá ń ta paraquat fún yín lẹ́yìn èyí ń ta ohun tí kò yẹ kó wà lórí àtẹ. Bí òjò bá ṣú, ẹ má fín oògùn. Ẹ má ṣe fọ ẹ̀rọ tí ẹ fi ń fín oògùn nínú odò: ẹ fi omi ṣan kẹ́ẹ̀gì oògùn lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ da omi náà padà sínú ẹ̀rọ, kí ẹ sì fín in sórí oko. Lẹ́yìn náà, ẹ lu kẹ́ẹ̀gì náà kí ẹnikẹ́ni má baà fi pọn omi tàbí rọ epo sí i. Ti àwọn tó ń da oògùn apakòkòrò Gámálìn sómi láti pa ẹja kò gba àríyànjiyàn kankan. Májèlé ni, ẹni tó bá jẹ ẹja náà ń jẹ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe gààrí, omi tí ẹ fún lára ẹ̀gẹ́ ní májèlé tó ń pa ẹja nínú, ẹ gbẹ́ kòtò fún un jìnnà sí odò àti kànga.

Ìbéèrè tó kù ni pé, bí ẹnìkan bá fi ilẹ̀ sílẹ̀ tí aládùúgbò rẹ̀ dáko wọ omi, kí ni èrè rẹ̀? Etí odò tirẹ̀ kò ní ya, ilẹ̀ oko tirẹ̀ kò sì ní lọ; èyí kò dúró de aládùúgbò. Ṣùgbọ́n kí omi fúnra rẹ̀ tó mọ́, ó gba àdéhùn, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àti baálẹ̀ ló sì tọ́ sí láti ṣètò rẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló rọrùn jù láti wọn ilẹ̀ náà: omi á ti fà, ojú á sì rí etí odò dáadáa. Kí gbogbo ẹni tí oko wọn jọ wà létí omi jọ rin etí odò náà, kí wọ́n fi okùn wọn mítà 10 láti etí odò, kí wọ́n ri èèkàn mọ́ ọn. Bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, kí wọ́n gbin ọparun sí ibi tó ti ń ya, kí wọ́n sì fi ewé eéran sábẹ́ igi tó bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.