Ọjà Gba Fóònù, Fóònù Gba Ọkọ Mi

ÌBÉÈRÈ: Jakande Estate ní Ìlasan là ń gbé, èmi, ọkọ mi àtàwọn ọmọ mẹ́ta. Láti ìgbà tí oṣù kọkànlá ti wọlé ni ọkọ mi àti àkọ́bí wa ò ti gbójú kúrò lára fóònù, wọ́n ń ṣọ́ ọjà ẹ̀dínwó. Lálẹ́ àná, mo gbé àmàlà kalẹ̀. Bàbá ń fi ọwọ́ ọ̀tún gé òkèlè, àtàǹpàkò òsì ń yí fóònù, títí ojú àmàlà fi gan. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní owó ọdún làwọn ń bá mi ṣọ́. Kí ni kí n ṣe?
Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá wa. Àmàlà yẹn ló kọ́kọ́ dùn mí.

Ọkọ yín ò kúkú purọ́: ọdún ń bọ̀, ọjà sì ti gbówó lórí. Àmọ́ ẹ wo ibi tí ọjà yìí ti ṣẹ̀ wá. Ní Amẹ́ríkà, Ọjọ́bọ̀ kẹrin oṣù kọkànlá ni ọjọ́ ìdúpẹ́ wọn. Tẹbí tará á péjọ sídìí oúnjẹ. Ó di Jímọ̀ ọjọ́ kejì, tí wọ́n ń pè ní Black Friday, kí wọ́n tó dà sọ́jà ẹ̀dínwó. Nígbà tí Jumia àti Konga, àwọn ilé ìtajà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2012, bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ Black Friday fún wa, ọjà nìkan ló wọkọ̀ òfuurufú. Àwo oúnjẹ kù sọ́hùn-ún. Jímọ̀ kan ṣoṣo sì ti di odidi oṣù mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ má bá wọn jà lórí ọjà. Àwo oúnjẹ ni kẹ́ ẹ bèèrè.

Ẹ bá baálé sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tó bá yó, kì í ṣe lójú ọmọ. Ẹ jọ kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rà sórí bébà, kẹ́ ẹ fi iye owó sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìrọ̀lẹ́ kan lọ́sẹ̀: gbogbo fóònù, títí kan tiyín (mo mọ̀ pé ẹ ń wo WhatsApp), kó wọnú abọ́ kan lórí fíríìjì. Ẹ gbé ọpọ́n ayò sílẹ̀, ihò 12, ọmọ ayò 48. Àkọ́bí yín á fajú ro. Ẹ jẹ́ kí bàbá rẹ̀ pa á láyò lẹ́ẹ̀mejì, kó pè é ní òpè. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò bèèrè ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ jáde, ọgbà igbó Lekki Conservation Centre ò jìnnà sí yín. Afárá orí igi ibẹ̀ gùn tó mítà 401, ó sì máa ń mì. Ọwọ́ méjèèjì ni baálé máa fi di okùn mú.